Fífọ Àwo Orin Pẹ̀lú Ìró Tí Etí Kò Gbọ́

Ní ọ̀pọ̀ ilé ní ilẹ̀ wa, a ó rí àpótí àwo orin àtijọ́ ní abẹ́ ibùsùn. Haruna Ishola, Ayinde Bakare àti I. K. Dairo ti kú, ṣùgbọ́n ohùn wọn wà nínú àwọn àwo bẹ́ẹ̀. Ohun tí ó lè pa ohùn náà ni eruku, àti ọwọ́ ẹni tí ó ń nu eruku láìmọ bí a ti í ṣe é.

Ojú àwo orin kò tẹ́jú bí a ti rò. Ọ̀nà tóóró kan, tí kò fẹ̀ tó ìdá kan nínú ìdá 10 mìlímítà, ni ó yí i ká láti etí dé àárín. Ibẹ̀ ni abẹ́rẹ́ gírámáfóònù ń gbà. Bí eruku àti ọ̀rá ìka ọwọ́ bá kún un, orin a máa ta bí gúgúrú orí iná. Aṣọ kò lè dé ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Nítorí èyí ni àwọn kan fi ń lo ẹ̀rọ kékeré tí ó dàbí ọpọ́n irin, irú èyí tí àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà fi ń fọ ọ̀ṣọ́. Bí iná mànàmáná bá wọ inú rẹ̀, a máa gbọ̀n ní ìwọ̀n ìgbà 40,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Etí ènìyàn kì í gbọ́ ju nǹkan bí 20,000 lọ. Ṣùgbọ́n omi mọ̀ ọ́n lára. Ihò wínníwínní a máa là nínú omi náà, wọn a sì tún dí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bí wọ́n ti ń dí ni wọ́n ń tu ìdọ̀tí kúrò ní kọ̀rọ̀.

Kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbọn eruku dànù. Bu omi tí a gbà láti ara ooru omi híhó sínú ọpọ́n, nítorí pé omi kànga a máa fi ẹfun sílẹ̀. Kán ọṣẹ olómi díẹ̀ sí i. Ki ọ̀pá bọ ihò àárín àwo, kí o sì gbé e kọ́ kí etí rẹ̀ wọ omi, ṣùgbọ́n kí omi má kan bébà àárín. Máa yí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ fún bí ìṣẹ́jú 10. Kí omi má gbóná ju ìwọ̀n 35 Celsius lọ, kí àwo má baà ká kò. Má ṣe ki ìka bọ omi nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn náà, fi irú omi kan náà ṣan án, kí o sì sá a sí ibòji.

Má ṣe da ẹmu òyìnbó tàbí sípíríìtì sí àwo ṣẹ́láàkì tí ó máa ń fọ́ bí àwo ìjẹun, irú èyí tí Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti kọrin sí ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922. Ọtí a máa yọ́ ṣẹ́láàkì.

Ẹ̀rọ yìí ń mú ìdọ̀tí kúrò. Kò lè mú ojú ibi tí abẹ́rẹ́ ti họ jinná. Nítorí náà, ẹni tí ó bá jogún àwo orin, kí ó kọ́kọ́ fi èyí tí kò níye lórí dán ọwọ́ wò, kí ó tó kan èyí tí baba rẹ̀ fẹ́ràn.