Ìdẹ̀ra Adìyẹ Nínú Oko Ọ̀sìn Ńlá

Adìyẹ tó ń yé ẹyin nínú kéèjì, ìyẹn àgò onírin, àti èyí tó ń tanlẹ̀ kiri ẹ̀yìnkùlé, ìran kan náà ni wọ́n. Ẹyẹ igbó pupa kan ní gúúsù Éṣíà ni baba ńlá wọn. Orí igi ni ẹyẹ náà ń sùn lálẹ́. Bílẹ̀ bá mọ́, a máa fẹsẹ̀ tanlẹ̀, a máa ṣá kòkòrò àti hóró èso jẹ, a sì máa fi erùpẹ̀ gbígbẹ wẹ̀ kí ìyẹ́ rẹ̀ lè mọ́. Bó bá kan ẹyin yíyé, a wá kọ̀rọ̀ lọ. Ìwọ̀nba ẹyin tó lè sàba lé ló ń yé. Ọwọ́ ènìyàn ló sọ irú-ọmọ rẹ̀ di ẹyẹ tó ń yé nǹkan bí 300 ẹyin láàárín ọdún kan. Ara rẹ̀ yí padà pátápátá nítorí èyí, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò yí. Lẹ́yà, ìyẹn adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹyin, tí wọ́n fi ẹ̀rọ pa láti inú ẹyin, tí kò mọ ìyá, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀ rí, yóò ṣì máa fẹ́ tanlẹ̀, yóò sì máa wá ibi tó ga láti bà lé bí alẹ́ bá lẹ́. Ibi tí ìwà yìí ti forí gbárí pẹ̀lú ilé tí wọ́n kọ́ fún èrè ni ọ̀rọ̀ ìdẹ̀ra adìyẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1964, obìnrin kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Ruth Harrison, kọ ìwé kan tó pè ní Animal Machines, nípa bí wọ́n ṣe ń há adìyẹ àti ọmọ màlúù mọ́lé láti sin wọ́n fún títà. Ariwo tó tẹ̀lé ìwé náà mú kí ìjọba gbé ìgbìmọ̀ dìde lábẹ́ onímọ̀ ẹranko Rogers Brambell. Lọ́dún 1965 ìgbìmọ̀ náà sọ pé, ó kéré tán, ẹran ọ̀sìn gbọ́dọ̀ lè dìde dúró, kó lè dùbúlẹ̀, kó lè yí ara padà, kó lè tún ara rẹ̀ ṣe, kó sì lè na apá òun ẹsẹ̀. Nígbà tó di 1979, ìgbìmọ̀ mìíràn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ èrò yìí di òmìnira márùn-ún: kí ebi àti òùngbẹ má ṣe jẹ ẹranko níyà, kí ibùgbé rẹ̀ má ni ín lára, kí ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn má bá a gbé, kí ẹ̀rù má máa bà á, kí ó sì ní àǹfààní láti hu ìwà tí a dá mọ́ ọn. Mẹ́rin àkọ́kọ́ kò ṣàjèjì sí ọlọ́sìn tó mọṣẹ́, nítorí adìyẹ tí ebi ń pa tàbí tí àrùn ń ṣe kì í mówó wọlé. Ìkarùn-ún ló le, torí owó kì í ti ibẹ̀ wọlé lójú ẹsẹ̀.

Kéèjì ni ìkarùn-ún yìí kọ́kọ́ ta kò. Marian Dawkins, onímọ̀ ìwà ẹranko ní Yunifásítì Oxford, àti akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ya àwòrán lẹ́yà láti òkè, wọ́n sì wọn àyè tí ara ẹyẹ náà ń gbà bó ṣe ń ṣe nǹkan kọ̀ọ̀kan. Èsì rẹ̀ jáde ní 1989. Dídúró lásán gba sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 428 sí 592. Bó bá fẹ́ yí ara padà, ó gba 771 sí 1,377. Bó bá gbọn apá, ó lè tó 1,980. Síbẹ̀, títí di ìparí ọdún 2011, 550 ni òfin Yúróòpù fọwọ́ sí fún lẹ́yà kan nínú kéèjì lásán, tí bébà A4 ilé ìtẹ̀wé sì fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹyẹ tó wà nínú irú àyè bẹ́ẹ̀ lè dúró, ó lè jẹun, ó lè mumi, ó lè yé ẹyin. Kò lè na apá rẹ̀ láìgbá ẹlòmíràn lára.

Orílẹ̀-èdè Switzerland ló kọ́kọ́ kúrò nídìí irú kéèjì yìí, ní 1992. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣòfin tirẹ̀ ní 1999, wọ́n sì fún àwọn ọlọ́sìn ní àkókò títí di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2012 láti yí padà. Kéèjì tí òfin náà ṣì gbà láàyè gbọ́dọ̀ fún lẹ́yà kọ̀ọ̀kan ní sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 750, kó ní ìtẹ́, kó ní èérún tó lè ṣá tàbí kó tàn, kó sì ní igi ìbàlé tó gùn tó sẹ̀ǹtímítà 15 fún ẹyẹ kan. Nínú ilé tí kò ní kéèjì, ẹyẹ kò gbọdọ̀ ju mẹ́sàn-án lọ lórí mítà onígun mẹ́rin kan. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùdìbò ìpínlẹ̀ California fọwọ́ sí irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2008, wọ́n sì mú un le sí i ní 2018.

Ìtẹ́ yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí ẹyin bá kù díẹ̀ kó bọ́, ara lẹ́yà kì í lélẹ̀: a máa rìn síwá sẹ́yìn, a máa yọ orí wo kọ̀rọ̀. Àwọn olùwádìí ti gbé ilẹ̀kùn wúwo sí ẹnu ọ̀nà ìtẹ́, wọ́n sì rí i pé adìyẹ ń fi agbára tì í kó lè dé ibẹ̀. Nínú kéèjì lásán, ojoojúmọ́ ni ìwákiri yìí ń já sí òfo. Egungun náà ní tirẹ̀. Èèpo ẹyin kan ń gba nǹkan bíi gíráàmù méjì kálísíọ́mù, inú egungun ẹyẹ sì ni apá kan rẹ̀ ti ń jáde, pàápàá lóru nígbà tí kò jẹun. Adìyẹ tí kì í rìn, tí kì í fò, egungun rẹ̀ á máa rọ títí yóò fi lè kán lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fà á jáde.

Ó yẹ kí òtítọ́ apá kejì náà hàn. Adìyẹ tí wọ́n tú sílẹ̀ lè máa sọ ara wọn títí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde, ó lè forí gbá igi kí egungun àyà rẹ̀ sán, ìgbẹ́ tó ń tẹ̀ sì lè kó aràn àti àrùn ìfun kokisidíósíìsì bá a. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ọlọ́sìn tó já fáfá lè dín àwọn ewu wọ̀nyí kù: ó lè yan irú adìyẹ tí kì í jà púpọ̀, ó lè pèsè èérún tó gbẹ, ó lè to igi ìbàlé ní àtẹ̀gùn. Kò sí ọgbọ́n tó lè fi àyè sínú kéèjì tí kò ní àyè.

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, kéèjì ti gbilẹ̀ ní oko lẹ́yà ńlá yíká Ìbàdàn àti káàkiri Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro rí. Ilẹ̀ wọ́n, ẹyin kì í dọ̀tí, òṣìṣẹ́ díẹ̀ lè tọ́jú ẹyẹ púpọ̀, ìgbẹ́ sì ń jábọ́ kúrò lára wọn. Abala 495 nínú òfin ọ̀daràn tí wọ́n ń lò ní gúúsù Nàìjíríà ka ìwà ìkà sí ẹranko sí ẹ̀ṣẹ̀ tó lè yọrí sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ìtanràn 50 náírà, ṣùgbọ́n kò sọ iye àyè tó yẹ lẹ́yà. Ọwọ́ ọlọ́sìn ni ìpinnu náà wà. Ẹni tó ti ra kéèjì kò lè kó o dànù lọ́la. Ó lè mú ẹyẹ kan kúrò nínú yàrá tí mẹ́rin wà, àyè àwọn tó kù á sì fẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ooru ni ìyà tó wọ́pọ̀ jù níbí. Yorùbá ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Ní ti ìṣẹ̀dá, adìyẹ kò ní ihò òógùn rárá, ìnira rẹ̀ sì ju ti ẹni tó ń làágùn lọ. Ara rẹ̀ máa ń gbóná tó ìwọ̀n 41 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí afẹ́fẹ́ ilé bá ti ju 30 lọ, ẹnu yíya àti mímí hẹlẹhẹlẹ ló kù fún un láti fi tu ara. Mímí yìí ń lé gáàsì kábọ́n jáde kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ jù, èèpo ẹyin á sì fẹ́lẹ́. Ọlọ́sìn tó bá ń rí ẹyin fífọ́ lóṣù kejì àti oṣù kẹta ọdún, ooru ló yẹ kó kọ́kọ́ fura sí.

Àtúnṣe rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ilé lélẹ̀. Kí ilé gùn láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn, kí oòrùn má bàa máa tàn wọlé láti ẹ̀gbẹ́. Kó má fẹ̀ jù, kí atẹ́gùn lè là á já. Kí òrùlé ga, kó ní ihò lókè tí ooru yóò máa gbà jáde. Páánù lásán burú. Imọ̀ ọ̀pẹ tàbí koríko tí wọ́n tẹ́ lé e ń dín ooru kù láìná owó púpọ̀. Kí omi tútù wà nígbà gbogbo, kí táǹkì omi má sì dúró sínú oòrùn, nítorí adìyẹ kì í fẹ́ mu omi gbígbóná. Oúnjẹ dára láàárọ̀ kùtù àti nírọ̀lẹ́, nítorí ìdà oúnjẹ fúnra rẹ̀ ń mú ara gbóná. Irú adìyẹ náà ṣe pàtàkì. Abọ́lọ́rùn, adìyẹ ìbílẹ̀ tí kò níyẹ̀ẹ́ lọ́rùn, ń fara da ooru ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ nítorí ìyẹ́ ara rẹ̀ kò pọ̀. Yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Abẹ́òkúta ti lo adìyẹ ìbílẹ̀ láti mú irú tuntun jáde, FUNAAB Alpha, tí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2018.

Ní dípù lítà, níbi tí adìyẹ ti ń gbé lórí èérún igi, ilẹ̀ ló yẹ kójú máa wò. Bí omi bá ń jò láti ẹnu ohun ìmumi, èérún á rin, ìgbẹ́ inú rẹ̀ á sì máa tú gáàsì amóníà jáde. Gáàsì yìí ń ta ojú, ó ń ba ọ̀nà ọ̀fun jẹ́, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún àrùn èémí. Òfin Yúróòpù kò fẹ́ kó ju ìpín 20 lọ nínú ìpín afẹ́fẹ́ mílíọ̀nù kan níbi tí wọ́n ti ń sin bọ́ílà, adìyẹ tí wọ́n ń sìn fún ẹran. Ọlọ́sìn tí kò ní ẹ̀rọ òṣùwọ̀n lè lóṣòó kí orí rẹ̀ bá ti adìyẹ dọ́gba: bí ojú bá ń ta á, ó ti pẹ́ tó ti ń ta àwọn ẹyẹ. Rírin ilẹ̀ yìí náà ló ń jó àtẹ́lẹsẹ̀ bọ́ílà di egbò.

Ìyà bọ́ílà ti inú ẹ̀jẹ̀ wá. Ní Yunifásítì Alberta ní Kánádà, wọ́n sin irú adìyẹ ọdún 1957, ti 1978 àti ti 2005 pọ̀ lórí oúnjẹ kan náà. Lọ́jọ́ 56, ti 1957 wọn gíráàmù 905, ti 1978 wọn 1,808, ti 2005 sì wọn 4,202. Ẹsẹ̀ àti ọkàn kò lè bá irú ìdàgbà bẹ́ẹ̀ rìn. Òmíràn á máa yarọ, òmíràn á kàn ṣubú kú. Jíjẹ́ kí òkùnkùn wà fún wákàtí mẹ́fà lóru ń fún ara láàyè láti sinmi, irú tí kì í yára dàgbà sì sàn jù. Àṣà títan iná mọ́jú kí bọ́ílà lè máa jẹun kò yẹ ní títẹ̀lé.

Àwọn akọ òròmọdìyẹ lẹ́yà, tí wọn kì í yé ẹyin, ni wọ́n ń pa lọ́jọ́ tí wọ́n bí wọn ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Jámánì fòfin dè é láti 2022. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni àwọn àgbẹ̀ ń rà sìn fún ẹran, àṣà tó dára tó yẹ ká dáàbò bò.

Ibi tí ìyà ti pọ̀ jù, tí àtúnṣe rẹ̀ kò sì náni lówó, ni ìrìn láti oko dé ọjà. Wọ́n ń di ẹsẹ̀ adìyẹ pọ̀, wọ́n ń dorí rẹ̀ kodò, wọ́n ń so ó mọ́ ọ̀kadà. Adìyẹ kò ní awọ tó pín àyà níyà sí ikùn bíi ti ènìyàn, nítorí náà bí orí rẹ̀ bá kodò, ìfun ń rọ́ lu ibi èémí. Ọwọ́ méjì ló yẹ kí wọ́n fi gbé e, kí apá rẹ̀ wà ní pípadé, kí orí wà lókè. Kí wọ́n mú un lóru tàbí níbi tí ìmọ́lẹ̀ kò pọ̀, kí wọ́n kó o sínú kéréètì tó ní ihò atẹ́gùn, kí ọkọ̀ má sì dúró sójú oòrùn. Ní ọjà, ibòji àti omi kò gbọdọ̀ wọ́n ọ́n.

Nígbà pípa, ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ mú, kí ó lè gé iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dà tán, kí wọ́n sì rí i dájú pé ẹyẹ kò mí mọ́, kó tó kan omi gbígbóná tí wọ́n fi ń túyẹ̀ẹ́.