Kí ẹ tó fi símẹ́ńtì bo ògiri alámọ̀ nínú ilé bàbá yín

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọ̀tá ilé àti tòde ni àwọn àgbà máa ń fi òwe yìí sọ, ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ àwọn bíríkìlà, ọ̀rọ̀ ògiri gan-an ni. Ní ìlú Ìlá Ọ̀ràngún àti káàkiri ilẹ̀ Ìgbómìnà tó wà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, àwọn ilé alámọ̀ tí àwọn baba ńlá kọ́ ṣì wà nínú ọ̀pọ̀ agboolé. Bí ọdún Ìsìnrò tàbí ọdún Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, àwọn ọmọ tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti òkè òkun a máa fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá àwọn tún inú ilé bàbá àwọn ṣe, kí ògiri lè dán bíi ti ilé ìgbàlódé, kí ojú má sì rí ìsopọ̀ kankan lára rẹ̀. Èrò rere ni. Ìṣòro tó wà níbẹ̀ ni pé ohun tó dára fún ògiri búlọ́ọ̀kù lè jẹ́ ohun tí yóò wó ògiri alámọ̀.

Àwọn ará ijọ́un náà fẹ́ràn ògiri dídán. Bí ilé tí wọ́n mọ bá ti gbẹ tán, amọ̀ tí wọ́n sẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Àwọn obìnrin ilé a wá fi ìgbẹ́ màlúù àti omi ewé pa ògiri àti ilẹ̀ títí yóò fi máa dán. Bó bá ti ń ṣá, wọ́n á tún un pa. Ní ilẹ̀ Haúsá, àwọn mọlémọlé máa ń rẹ eèpo èso igbá, ìyẹn igi tí a ti ń rí irú, sómi, omi náà ni wọ́n sì fi ń po amọ̀ ìrẹ́lé kí òjò má baà tètè fọ̀ ọ́.

Símẹ́ńtì ló yí ìṣe yìí padà. Òkè òkun ni wọ́n ti ń kó o wá tẹ́lẹ̀, kí ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì Nkalagu tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1957, tí ti Ewékorò sì tẹ̀ lé e ní 1960. Bí símẹ́ńtì ṣe ń wà nítòsí ni àwọn onílé ń fi í rẹ́ ògiri amọ̀, nínú àti lóde.

Ṣùgbọ́n ìwà amọ̀ àti ti símẹ́ńtì kò bára mu. Nígbà òjò, ògiri amọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀, a sì wú díẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, omi náà a gba ojú ògiri jáde, ògiri a sì súnkì. Símẹ́ńtì ní tirẹ̀ le gbagidi, kì í sì í jẹ́ kí omi tètè gba ara rẹ̀ kọjá. Bí wọ́n bá ti fi bo amọ̀ lójú, omi tó ti wọlé kò rọ́nà jáde mọ́, ìdí ògiri ni yóò kó jọ sí. Amọ̀ abẹ́ rẹ̀ yóò rọ̀, símẹ́ńtì yóò ṣí kúrò lára rẹ̀, yóò sì máa dún bí ohun tó ṣófo tí wọ́n bá fi ìka kàn án. Bí wọ́n bá tún wá fi ọ̀dà olóròóró kùn ún, ọ̀nà àbájáde dí pátápátá nìyẹn. Ojú ògiri lè máa dán síbẹ̀, kí inú rẹ̀ sì ti di ẹrẹ̀. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ lè ya lulẹ̀ lóru lé àwọn tó sùn lórí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ sí ilẹ̀ Yorùbá nìkan. Ní àgbègbè Devon, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé alámọ̀ tó ti lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún pọ̀ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n fi símẹ́ńtì bo àwọn kan nínú wọn, omi há sínú ògiri, àwọn mìíràn sì wó. Láìmù, èyí tí wọ́n ń rí láti ara òkúta ẹfun tí wọ́n fi iná sun, ni àwọn onímọ̀ ń gbà wọ́n nímọ̀ràn láti lò báyìí. Ní Djenné, lórílẹ̀-èdè Mali, mọ́sáláṣí ńlá tí wọ́n tún kọ́ parí ní 1907 ṣì dúró digbí. Amọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, amọ̀ náà sì ni àwọn ará ìlú máa ń péjọ fi rẹ́ ẹ.

Kí wá ni kí onílé ṣe? Kó kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ilé ni símẹ́ńtì bo lójú, tó jẹ́ pé amọ̀ ló wà nínú. Bíríkìlà lè họ ibi kékeré kan wò. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi téèpù lẹ gbogbo etí ọ̀rá mọ́ ara ògiri nítòsí ilẹ̀ fún ọjọ́ kan. Bí omi bá sẹ̀ sí inú ọ̀rá náà, ògiri ṣì tutù, kò tíì yẹ ní rírẹ́. Òrùlé tó ń jò, àgbàrá tó ń ṣàn lọ sídìí ilé àti erùpẹ̀ tó ga jọ sẹ́sẹ̀ ògiri ni kí wọ́n kọ́kọ́ wá nǹkan ṣe sí.

Bó bá jẹ́ amọ̀, kí wọ́n fi amọ̀ tí wọ́n sẹ́, yanrìn àti koríko gbígbẹ tí wọ́n gé kéékèèké rẹ́ ẹ lákọ̀ọ́kọ́. Bó bá gbẹ, kí wọ́n fi èyí tó kúnná, tó sì fẹ́lẹ́, rẹ́ ojú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ lè lo láìmù àti yanrìn. Láìmù kì í tètè le, àmọ́ ó ń jẹ́ kí omi ráyè jáde, ó sì lè dán dáadáa. Láìmù ni àwọn ará Mòrókò fi ń ṣe tadelakt, tí wọ́n ń fi òkúta àti ọṣẹ dán ní balùwẹ̀ wọn, tí kò sì ní ìsopọ̀ kankan.

Ti ilé búlọ́ọ̀kù yàtọ̀. Símẹ́ńtì bá a mu: òṣùwọ̀n kan sí yanrìn márùn-ún tàbí mẹ́fà, kó nípọn tó mílímítà 12 sí 15. Kí wọ́n ti la ọ̀nà wáyà àti páìpù tán kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n rẹ́ ògiri kan láti igun dé igun lẹ́ẹ̀kan náà, torí ibi tí wọ́n bá dáwọ́ dúró sí láàrin yóò hàn. Níbi tí búlọ́ọ̀kù ti pàdé òpó kọnkéré, kí wọ́n kan àwọ̀n onírin mọ́ ọn kó má baà sán. Kí wọ́n máa wọ́n omi sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan, pàápàá nígbà ọyẹ́, tí atẹ́gùn máa ń fa omi inú símẹ́ńtì gbẹ kó tó le.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, tí ògiri bá ti gbẹ, ni àwọn pẹ́ńtà tó lè ṣe screeding sí i, ní ìpele fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gorí rẹ̀, kí wọ́n sì fi pépà tó ń họ nǹkan họ ọ́ kó kúnná. P.O.P. dára fún pálọ̀ àti iyàrá, ṣùgbọ́n kò yẹ balùwẹ̀, nítorí omi máa ń mú kó rọ̀.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Kí ọmọ tó wà nídàálẹ̀ tó fowó ránṣẹ́ fún àtúnṣe ilé bàbá rẹ̀, kì í ṣe iye tí iṣẹ́ yóò ná an ló yẹ kó kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ bíríkìlà. Kó bi í pé kí ni wọ́n fi mọ ògiri náà, àti pé ṣé ó ti gbẹ.