Kámẹ́rà wo la lè fi £100 rà fọ́mọ?

£100 ni gbogbo owó tá a yà sọ́tọ̀, kò sì lè kọjá bẹ́ẹ̀, torí tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sí Nàìjíríà lóṣù Kejìlá ti gbé èyí tó kù mì. Ọmọ wa obìnrin fẹ́ pé ọdún mẹ́wàá. Fóònù ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, àwa ò sì tíì fẹ́ fún un ní fóònù. Àmọ́ mo ti ṣàkíyèsí pé bó bá gba tèmi lọ́wọ́ mi, fọ́tò ló máa ń fi yà: ológbò aládùúgbò wa, bàtà àbúrò ẹ̀, ẹ̀fọ́ tí mò ń já lọ́wọ́. Ni mo bá sọ fún bàbá ẹ̀ pé ká kúkú ra kámẹ́rà, nǹkan tí ẹnikẹ́ni ò lè gba ibẹ̀ fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i.

Ìdí kejì ló ká mi lára jù. Màmá Ìbàdàn, ìyá ìyá mi, ti ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún. Wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Yorùbá ọmọ mi ò sì tíì kọjá kíkí. Bí wọ́n bá jọ wà lórí fóònù, "Ẹ káàárọ̀ mà", "Ṣé dáadáa lo wà?", ó parí nìyẹn. Ọmọ á wá máa wojú mi, Màmá náà á máa pe orúkọ mi. Mo fẹ́ nǹkan tí àwọn méjèèjì lè jọ máa ṣe láìsí èmi láàárín wọn.

Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í wá kámẹ́rà olówó pọ́ọ́kú lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí àwọn kan tí wọ́n kọ 48 megapixel tàbí 64 megapixel sí lára, owó wọn ò sì ju £40 lọ. Ẹ rọra o. Ohun tó ń ya àwòrán gan-an nínú kámẹ́rà ni sensor, ojú kékeré tó ń gba ìmọ́lẹ̀. Nínú púpọ̀ lára àwọn kámẹ́rà yìí, sensor náà ò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Kámẹ́rà á ya àwòrán kékeré, á wá fi ọgbọ́n kọ̀ǹpútà fẹ̀ ẹ́ kí nọ́ńbà lè pọ̀, bí ẹni bu omi lé ọbẹ̀ nítorí àlejò. Fọ́tò tá à ń fi sínú álíbọ́ọ̀mù, ti íńṣì 6 sí 4, kò nílò ju nǹkan bíi megapixel 2 lọ kó tó jáde dáadáa. Èyí tó tóbi tó bébà A4 kò gbà ju 9 lọ. Nítorí náà, 12 tàbí 16 tó jẹ́ òótọ́ sàn ju 64 irọ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti súùmù. Optical ni kẹ́ ẹ wò, ìyẹn èyí tí gíláàsì inú lẹ́ńsì ń rìn síwá sẹ́yìn. Digital zoom kò ju pé kó gé àárín àwòrán jáde kó sì fẹ̀ ẹ́, ọmọ yín sì lè ṣe ìyẹn fúnra rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà.

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa ni mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, torí mi ò rí i kí àwọn tó ń tajà mẹ́nu bà á. Kámẹ́rà máa ń díwọ̀n ìmọ́lẹ̀ bíi pé gbogbo ohun tó wà níwájú ẹ̀, tá a bá pò wọ́n pọ̀, á jẹ́ àwọ̀ eérú. Bí ẹnì kan bá wọ léèsì funfun, tó dúró síwájú ògiri funfun nínú oòrùn, kámẹ́rà á gbà pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Léèsì á hàn kedere, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á wá dà bí èédú. Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: láyé fíìmù, fún ọ̀pọ̀ ọdún, káàdì tó ní àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun, tí wọ́n ń pè ní Shirley, ni àwọn tó ń fọ fọ́tò Kodak fi ń díwọ̀n àwọ̀ tó dáa. Ohun tó ń tún un ṣe nínú kámẹ́rà òde òní ni bọ́tìnnì tí wọ́n kọ + àti − sí. Ẹ gbé e sí +1, ojú á yọ. Kámẹ́rà tí kò bá ní in, ẹ fi sílẹ̀ níbẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù lẹ lọ, ẹ ní kí ẹnì kan lára yín kẹ́yìn sí fèrèsé, kẹ́ ẹ yà á, kẹ́ ẹ wò ó lójú ẹsẹ̀.

Mo wo àlòkù náà. Canon EOS 1100D, tó jáde lọ́dún 2011, ó ní megapixel 12, àlòkù ẹ̀ tòun ti lẹ́ńsì kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n mọ́. Sensor rẹ̀ fi ìlọ́po tó lé ní mẹ́wàá tóbi ju ti kámẹ́rà kékeré lọ, ẹ sì máa rí ìyàtọ̀ náà lálẹ́ tíná bá lọ. Ṣùgbọ́n ó tóbi, ó wúwo lọ́rùn ọmọ ọdún mẹ́wàá. Bí tiyín bá ti tó mẹ́tàlá, mi ò ní kẹ́ ẹ má rà á. Ẹ ṣáà ya ògiri funfun kẹ́ ẹ wò ó bóyá àmì dúdú wà lórí àwòrán, kẹ́ ẹ ṣí ibi bátìrì wò fún ìpẹtà, kẹ́ ẹ sì gbé lẹ́ńsì sókè síná bóyá ó ti hu. Níhìn-ín ní Britain, bẹ́ ẹ bá rà á lọ́wọ́ oníṣòwò, òfin Consumer Rights Act ti ọdún 2015 fún yín ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti dá ọjà tó lábùkù padà, àlòkù ni o, tuntun ni o. Ẹni tó kàn ń ta tiẹ̀ fúnra ẹ̀ kò sí lábẹ́ ìyẹn.

Instax ti Fujifilm fẹ́rẹ̀ẹ́ mú mi, ká má parọ́. Fọ́tò á jáde lójú ẹsẹ̀, Màmá á dì í mú. Àmọ́ bébà mẹ́wàá mẹ́wàá ni wọ́n ń tà á, ọmọ ọdún mẹ́wàá á sì ti yìn ín tán kí ọkà tó jinná. Owó bébà náà ni yóò máa jẹ yín lọ.

Kodak PIXPRO FZ45 la rà. (Orúkọ Kodak ló wà lára ẹ̀, JK Imaging ló ń ṣe é.) Megapixel 16, optical zoom ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó jẹ́ kí n mú un ni pé bátìrì AA méjì ló ń lò, irú èyí tá à ń fi sí rìmóòtù, tó wà ní gbogbo kíósì n'Íbàdàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ra onísájà, ẹ wò ó bí wọ́n bá kọ 100–240V sí i. Ẹnu pílọ́ọ̀gì Britain bá ti Nàìjíríà mu. Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà àti Kánádà ló máa wá adáputà. Káàdì 32GB tó, ó lè gba fọ́tò tó lé ní ẹgbẹ̀rún márùn-ún. Ẹ má gbàgbé okùn ọwọ́ o.

Ó tún ku ohun kan. Stephen Sprague, òyìnbó kan tó kọ̀wé lọ́dún 1978 lórí bí àwa Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, ṣàlàyé bí wọ́n ṣe máa ń ya àgbà: kó kọjú síwájú gbagidi, ọwọ́ lórí orúnkún, gbogbo ara látorí dé ẹsẹ̀. Bí Màmá ṣe fẹ́ ẹ náà nìyẹn títí dòní. Wọ́n á kọ́kọ́ wọlé lọ pààrọ̀ aṣọ, wọ́n á wé gèlè, wọ́n á sì béèrè bóyá ẹsẹ̀ wọn wà nínú ẹ̀. Nítorí náà mo ti ń sọ fọ́mọ pé a kì í dédé yọ kámẹ́rà sí àgbà; ó gbọ́dọ̀ tọrọ àyè, kó sì mú sùúrù dè wọ́n.

A ti fún un ṣáájú ọjọ́ ìbí, kó lè fi oṣù kan dánra wò. Alaalẹ́ là ń kọ́ ọ̀rọ̀ tó máa lò. "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé mo lè yà yín?" ti dán mọ́rán. "Ẹ jókòó síbí" náà ti ń lọ dáadáa. "Ẹ rẹ́rìn-ín díẹ̀" ló ṣì ń dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Lánàá, "ẹ rìn díẹ̀" ló sọ fún bàbá ẹ̀, ìyẹn náà sì dìde, ó rìn.