Anoumabo: Abúlé tí Abidjan ṣí nípò, tí orin sọ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká

Agbègbè Marcory ní Abidjan, lórílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire, ni Anoumabo wà lónìí. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ń pè ní Treichville báyìí ni àwọn Ébrié tẹ̀ ẹ́ dó sí.

Lọ́dún 1904 ni Faransé bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Abidjan. Ó dé Ouagadougou lọ́dún 1954. Bí ojú irin ṣe ń mú ìlú gbòòrò, àwọn ará abúlé kó kúrò, wọ́n sì fi orúkọ Treich-Laplène, aṣojú ìjọba Faransé, pe ilẹ̀ wọn.

Síbẹ̀, orúkọ Anoumabo kò parun. Láti ọdún 2008 ni ẹgbẹ́ olórin Magic System, tó ti àdúgbò náà jáde, ti ń ṣe àjọ̀dún orin FEMUA, èyí tó tún ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́. Níbẹ̀ ni Papa Wemba, gbajúgbajà olórin Kóńgò, ti ṣubú lórí ìtàgé, tó sì papòdà, lóṣù Kẹrin ọdún 2016.