Ọ̀nà Kẹ̀kẹ́ Láti Ìkẹjà àti Agége Dé Ilẹ̀ Òkúta Ewékorò

Ẹni tó bá fẹ́ gun kẹ̀kẹ́ ológeere kúrò ní Ìkẹjà tàbí Agége lọ sí ìgbèríko láìsí pé ó ń bá ọkọ̀ du títì, ojú irin ni kó máa tẹ̀ lé. A ò ní kó gun orí irin o. Òfin kò gbà á, ikú sì ń bẹ níbẹ̀. Ohun tí à ń sọ ni pé ibi tí irin gbà náà ni ilẹ̀ ti tẹ́jú, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ sì ni àwọn ọ̀nà oko pọ̀ sí.

Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ irin láti Ìdó, ó sì wọ Ìbàdàn ní 1901. Ọkọ̀ ojú irin eléèéfín kò lè gun òkè gíga, nítorí náà ibi tó rọrùn ni wọ́n wá gbà: Agége, Agbádo, Ìjokò, Ifọ̀, Pápáláńtò, Ìtòrì, Wásìmi, kó tó kan Àró àti Láfẹ́nwá l'Abẹ́òkúta. Ẹ̀rọ ayé ọjọ́un àti orúnkún agun-kẹ̀kẹ́, ọgbọọgba ni wọ́n: àwọn méjèèjì kórìíra òkè.

Oko ni Agége nígbà tí irin kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá. Jacob Kehinde Coker dá oko kòkó ńlá sí Ifákọ̀, òun àti àwọn àgbẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì dá Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Lẹ́yìn kòkó ni obì gba iwájú. Ọkọ̀ ojú irin ló ń kó o lọ sí Òkè Ọya, àwọn Hausa oníṣòwò obì sì tẹ̀dó sí Agége nítorí rẹ̀. Lónìí, ẹni tó bá ń wá igi obì ní Agége á wá a tì. Oko-Ọba ṣì wà, àmọ́ màlúù ni wọ́n ń pa níbẹ̀. Kí ojú tó lè rí ewéko tó pọ̀, àfi kéèyàn kọjá Agbádo.

Apá Ìkẹjà ní àǹfààní tirẹ̀, ọjọ́ Ìsinmi sì ni. Ọgbà ilé iṣẹ́ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1950 ní títì tó fẹ̀, nítorí ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n ṣe là á. Láàárín aago mẹ́fà ààbọ̀ sí nǹkan bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀, púpọ̀ nínú ilé iṣẹ́ ti tì, tírélà ò pọ̀, àwọn tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ò sì tíì jáde tán. Ẹ lè wa kẹ̀kẹ́ gba Ọba Akran Avenue já sí apá Acme Road àti Ọ̀gbà pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀. Ọba Akran yìí náà ni ilé iṣẹ́ Dunlop wà, tó ń ṣe táyà mọ́tò títí di 2008. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni ò mọ̀ pé kì í ṣe mọ́tò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe táyà aláfẹ́fẹ́ yẹn níbẹ̀rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ọmọ John Boyd Dunlop ni bàbá náà kọ́kọ́ fi í sí ní Belfast, kó tó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní 1888.

Láti oṣù kẹfà 2022 ni ìjọba Èkó ti ní kí ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìkẹjà, ìyẹn sì dín ohun tó ń já lu agun-kẹ̀kẹ́ láti ẹ̀yìn kù. Ọ̀nà BRT tó lọ láti Ọ̀ṣọ́dì dé Abúlé-Ẹ̀gbá ńkọ́? Ẹ má wọ̀ ọ́, bó ti wù kó dá tó. Bọ́ọ̀sì nìkan ló wà fún, eré burúkú ni wọ́n sì ń sá lórí rẹ̀. Afárá Pen Cinema l'Agége, tí wọ́n ṣí ní 2021, kì í ṣe ibi tí èèyàn ń gun kẹ̀kẹ́ gbà. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ gbà, kí ẹ sọ̀, kí ẹ fi ọwọ́ tì í láàárín èrò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, ẹ wo àwọn tó ń ta Fan Milk. Àwọn ni ọ̀gá agun-kẹ̀kẹ́ ní agbègbè yìí, kì í ṣe àwa tí à ń wọ ṣòkòtò pénpé láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi. Àpótí yìnyín wà níwájú kẹ̀kẹ́ wọn, fèrè wà lọ́wọ́ kan, ọwọ́ kejì di kẹ̀kẹ́ mú. Wọn kì í bá dánfó jìjàdù títì. Wọ́n á yà sí àdúgbò, wọ́n á gba ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á yọ sí ọjà. Tí wọ́n bá dé gegele, wọ́n á sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa tì í díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá tẹ̀ lé ọ̀kan nínú wọn ní ìdajì wákàtí á mọ Agége ju ẹni tó ní máàpù lọ.

Ní ti àkókò, oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ló dára jù. Ọyẹ́ á gbẹ ètè, eruku á sì pupa lórí aṣọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà oko á le. Ní oṣù kìíní, nǹkan bí aago méje ni oòrùn máa ń yọ l'Ékòó. Ní oṣù kẹfà, nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Oṣù kẹfà yìí kan náà ni òjò máa ń pọ̀ jù, amọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ táyà títí kẹ̀kẹ́ ò fi ní yí mọ́. Òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù kẹjọ, àmọ́ ẹ má fọkàn tán an. Ẹ mú omi, páńpù àti ohun tí ẹ ó fi lẹ táyà dání. Fọkanáísà pọ̀ lójú títì, wọn ò pọ̀ lóko.

Láti Agége dé Ewékorò kò tó 50 kìlómítà. Ẹni tó bá gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Abẹ́òkúta lọ á bá tírélà sìmẹ́ǹtì pàdé láti Sàngó títí dé Ìtòrì, kò sì sí ìgbádùn kankan níbẹ̀. Ọ̀nà eléruku tó so abúlé mọ́ abúlé lẹ́bàá ojú irin ni kí ẹ máa béèrè, kí ẹ sì kọ́kọ́ kí àwọn àgbà tí ẹ bá bá níbẹ̀ kí ẹ tó béèrè ohunkóhun. Ẹni tí kò kí èèyàn, ọ̀nà tó jìn ni wọ́n máa júwe fún un.

Ewékorò ni ilẹ̀ ti yí padà. Ilé iṣẹ́ West African Portland Cement, tó di ti Lafarge lẹ́yìn náà, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe sìmẹ́ǹtì níbẹ̀ ní 1960. Òkúta ẹfun tí wọ́n ń wà níbẹ̀, abẹ́ òkun ló ti dì ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Tí ẹ bá rí èyí tó já bọ́ létí ọ̀nà, ẹ gbé e sún mọ́ ojú: ẹ lè rí ìkarahun ìgbín òkun nínú rẹ̀, tó ti di òkúta. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ sì sọ ìpele òkúta náà ní orúkọ ìlú yìí. Tí ẹ bá tún lọ síwájú, Àró lẹ́bàá Abẹ́òkúta ni wọ́n ti la àwọn òkúta ńláńlá tí wọ́n kó sẹ́nu ọ̀sà Èkó ní àwọn ọdún tó ṣáájú 1914, kí iyanrìn má baà dí ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi. Ojú irin yìí ló gbé wọn sọ̀kalẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan kò ṣeé fojú fò. Ibi tí wọ́n ṣì ti ń wa òkúta, wọ́n ń fi ohun abúgbàù fọ́ ọ. Ẹ má wọlé láìgba àṣẹ. Kòtò tí wọ́n ti wà sílẹ̀ tí omi òjò kún jinlẹ̀ ju bó ṣe rí lójú lọ, etí rẹ̀ sì máa ń ya. Ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀.

Àwọn ará Britain ti fi irú ilẹ̀ báyìí ṣe nǹkan gidi. Ẹgbẹ́ tó di Sustrans, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bristol ní 1977, sọ ojú irin tó ti kú láàárín Bristol àti Bath di ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó gùn ní 13 máìlì láàárín 1979 sí 1986. Ní Cornwall, láti Portreath dé Devoran, ọ̀nà tí wọ́n fi ń kó kọ́pà jáde láti ibi ìwakùsà ti di ọ̀nà ìgbafẹ́ tó gùn ní 11 máìlì. Ní Consett, ilé iṣẹ́ irin tì ní 1980. Ní 1994, ọ̀nà kẹ̀kẹ́ tó lọ láti òkun dé òkun ti gba ìlú náà kọjá.

Tiwa yàtọ̀, irin wa kò kú. Ọ̀nà irin tuntun láti Èkó dé Ìbàdàn, 157 kìlómítà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àtijọ́, ó sì dúró ní Pápáláńtò, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti pè. Ọkọ̀ ojú irin Red Line náà ń gbé èrò láti oṣù kẹwàá 2024 láàárín Agbádo àti Oyingbo. Fún ẹni tí ẹsẹ̀ bá ti rẹ̀ nígbà tó ń bọ̀ láti oko, Agbádo ni ibi tó yẹ kó parí ìrìn. Kó kọ́kọ́ béèrè ní ibùdókọ̀ bóyá wọ́n á gba kẹ̀kẹ́ wọlé.

Láti 2018 ni ìpínlẹ̀ Èkó ti ní ìwé ìlànà fún àwọn tó ń fi ẹsẹ̀ rìn àti àwọn agun-kẹ̀kẹ́. Ọ̀nà tóóró kan lẹ́yìn ọgbà ojú irin, láti Agége dé Agbádo, kí ìpínlẹ̀ Ògùn sì gbà á níbẹ̀ dé Pápáláńtò, kò ní ná wọn tó owó afárá kan. À ń bẹ ìjọba méjèèjì àti àjọ ojú irin: kí wọ́n fi mítà méjì sílẹ̀ fún wa kí àwọn onílé tó kọ́lé dé ibẹ̀.