Ibùsùn Onígi fún Ọmọ Tuntun: Ẹ Wọn Àlàfo Rẹ̀ Kí Ẹ Tó Kùn Ún

Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ ń sùn sí, lẹ́yìn náà ni ẹní tí òun àti ìyá rẹ̀ jọ ń dùbúlẹ̀ lé. Lóde òní, àwọn ìdílé kan ní Ara àti ní àyíká Ẹdẹ ń fẹ́ kí ọmọ wọn ní bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kọ́ọ̀tù. Nítorí owó, bàbá ọmọ tàbí káfíńtà àdúgbò ni ó sábà ń kàn án. Èrò rere ni. Ọmọ tí ó ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀, nínú yàrá kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀, bọ́ lọ́wọ́ ewu kí àgbàlagbà yí lù ú lójú oorun. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì tí a kàn ní ìkànkukàn ní ewu tirẹ̀.

Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, káfíńtà kan bá wa kan bẹ́ẹ̀dì tí ó rẹwà púpọ̀. Ó gbẹ́ òdòdó sí ibi orí rẹ̀, ó sì fi fáníìṣì kùn ún títí ó fi ń dán bíi dígí. Gbogbo ẹni tí ó rí i ni ó yìn ín. Ìyá ọkọ mi nìkan ni ó di ẹ̀ṣẹ́, tí ó tì í bọ àárín ọ̀pá méjì. Ọwọ́ rẹ̀ kọjá láì kan igi. Ó ní, “Ìyàwó mi, bí ìdí ọmọ bá gba ibí yìí kọjá, tí orí rẹ̀ kò kọjá ńkọ́?” Mo ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ìlera nígbà náà, síbẹ̀ n kò ronú kan èyí rí.

Ohun tí ìyá àgbà rí ni pé orí ni ó tóbi jù lára ọmọ ọwọ́. Bí àlàfo bá fẹ̀, ẹsẹ̀ àti ìdí yóò yọ̀ bọ́ síta, orí yóò há, ọrùn yóò sì fún. Ìdí nìyí tí òfin Amẹ́ríkà fi sọ pé àlàfo àárín ọ̀pá kan sí èkejì kò gbọdọ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 6 lọ. Ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Ẹ fi rúlà ọmọ ilé-ìwé wọn èrún igi kan kí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5 àti ààbọ̀. Kí káfíńtà máa fi igi yìí sí àárín ọ̀pá méjì bí ó ti ń kàn wọ́n, títí yóò fi parí. Òòró ni kí ọ̀pá wọ̀nyí dúró, nítorí ọmọ tí ó bá ti ń dìde yóò fi ọ̀pá tí a kàn ní ìbú ṣe àkàbà.

Igi gbígbẹ ni kí ẹ lò. Igi tútù tí a là ní àsìkò òjò yóò súnkì nígbà tí ọyẹ́ bá dé. Ọ̀pá yóò máa yí nínú ihò rẹ̀, àlàfo tí ẹ ti wọ̀n yóò sì yí padà. Arère fúyẹ́, ṣùgbọ́n kòkòrò tètè ń jẹ ẹ́. Ìrókò àti ọ̀gànwó lágbára jù ú lọ. Àmọ́ kí aboyún má ṣe jókòó sí ibi tí wọ́n ti ń rẹ́ ìrókò, nítorí eruku rẹ̀ a máa yún ara, a sì máa dí èémí. Ìṣó tí a ń yí wọlé, tí àwọn káfíńtà ń pè ní sìkúrù, ni ó yẹ kí wọ́n fi so ó pọ̀.

Ẹ má ṣe gbà kí wọ́n fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò tàbí oògùn ikán tí a ń fi kun igi àjà kun bẹ́ẹ̀dì náà. Bí eyín bá ti ń yọ, ọmọ yóò máa gé igi ẹ̀gbẹ́ jẹ. Ọ̀dà àtijọ́ tí ó kù sínú agolo náà kò dára, nítorí òjé lè wà nínú rẹ̀, òjé sì ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́.

Ẹ kọ́kọ́ ra fóòmù, kí káfíńtà tó wọn igi. Kí ó jẹ́ fóòmù líle, kí ó sì há mọ́ ara igi débi pé ìka méjì kò ní rí àyè wọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Láti pákó ìsàlẹ̀ dé orí igi ẹ̀gbẹ́, kí gíga rẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 66. Ẹ̀gbẹ́ tí ó ń lọ sókè-sódò láti gbé ọmọ jáde wu ènìyàn, ṣùgbọ́n Amẹ́ríkà fi òfin dè é ní oṣù kẹfà ọdún 2011, lẹ́yìn tí ó ti fa ikú ọmọ tí kò dín ní 32 láti ọdún 2000. Ẹ kàn án pa.

Igi igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọdọ̀ yọrí sókè, kí aṣọ ọmọ má baà fi kọ́. Àjà ni kí ẹ ti so nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn kọ́, kí ẹ sì ki etí rẹ̀ bọ abẹ́ fóòmù.

Ẹ fi ẹ̀yìn ọmọ lélẹ̀, kí ojú rẹ̀ kọ òkè. Ọ̀pọ̀ ìyá ń bẹ̀rù pé wàrà yóò há a lọ́fun. Ìwádìí kò fi hàn pé ó rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ le. Láti ọdún 1992 ni àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ti ń gba àwọn òbí nímọ̀ràn báyìí, ikú òjijì ojú oorun sì ti dínkù gan-an. Ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora tí ó nípọn kò sí fún ọmọ ọwọ́, bí ó ti wù kí ẹni tí ó fi wọ́n ta wá lọ́rẹ sún mọ́ wa tó.

Bí ọmọ bá ti ga tó sẹ̀ǹtímítà 89, ó ti kúrò ní ẹni tí ń sùn níbẹ̀. Ẹ tú bẹ́ẹ̀dì náà, kí ẹ kó àwọn sìkúrù rẹ̀ sínú agolo kan. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ tún mú rúlà.