Moina: Kòkòrò Omi tí í Bọ́ Ọmọ Ẹja Àrọ̀

Gbogbo ẹlẹ́ja tí ń sin ẹja àrọ̀ láti inú ẹyin ni ó mọ ọjọ́ tí ikú fi ń wọlé. Ní nǹkan bí ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn tí ẹyin bá pa, oúnjẹ tí ọmọ ẹja gbé wá sáyé nínú ikùn rẹ̀ yóò tán. Ẹnu rẹ̀ kéré, oúnjẹ gbígbẹ kì í sì í dà dáradára nínú rẹ̀; ohun alààyè tín-ín-tín ni ó ń fẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ fi ń ra Artemia alágolo, tí púpọ̀ nínú rẹ̀ ń ti Adágún Iyọ̀ Ńlá ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà wá. Ó dára, ṣùgbọ́n ó wọ́n. Ẹ̀dá inú omi iyọ̀ sì ni. Bí a bá dà á sínú omi wa, yóò kú láàárín wákàtí díẹ̀, èyí tí ẹja kò bá jẹ yóò sì jẹrà sí ìsàlẹ̀.

Moina kì í kú bẹ́ẹ̀, nítorí inú kòtò omi òjò àti adágún wa ni ilé rẹ̀. Ó tó nǹkan bí mìlímítà kan. Òun àti Daphnia, tí ó tóbi jù ú, ni àwọn Òyìnbó ń pè ní eégbọn omi, nítorí bí wọ́n ti ń ta pọ́ńpọ́ń. Ṣùgbọ́n wọn kì í mu ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni. Irun ẹsẹ̀ wọn ni wọ́n fi ń sẹ́ omi, tí wọ́n fi ń rí oúnjẹ. Daphnia fẹ́ràn omi tútù. Moina ni ooru ilẹ̀ wa bá lára mu.

Àwọn àgbà tí wọ́n rántí sòbìyà, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí ní ọdún 2013 pé ó ti kúrò ní Nàìjíríà, kò ní láti bẹ̀rù Moina. Cyclops ni ó ń gbé sòbìyà, èyí tí ara rẹ̀ gùn, tí ìrù rẹ̀ là sí méjì. Ẹ má jẹ́ kí ó wọ inú omi ọmọ ẹja, nítorí a máa bù wọ́n jẹ.

Nígbà tí oúnjẹ bá pọ̀, abo Moina a máa bí abo láìsí akọ. Ọmọ ọjọ́ mẹ́rin sí méje a ti máa bímọ, lẹ́yìn náà a tún máa bí ní nǹkan bí ọjọ́ méjì-méjì. Ṣùgbọ́n bí àyè bá há tàbí tí oúnjẹ tán, wọn a bí akọ, abo a sì yé ẹyin dúdú tí èèpo rẹ̀ le. Ẹyin yìí ni í sùn nínú ẹrẹ̀ gbígbẹ títí òjò yóò fi dé. Bí ẹ bá rí i nínú àgbá yín, ẹ kó Moina kúrò kí ó dín, kí ẹ sì fún ìyókù ní oúnjẹ.

Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Bí afẹ́fẹ́ ìmí bá dín nínú omi, Moina a máa pọ̀ sí i ní ohun pupa bí èyí tí ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa, ara rẹ̀ a sì pọ́n. Ìgbẹ́ adìẹ ti pọ̀ jù nìyẹn. Òun lè yè é. Ọmọ ẹja kò lè yè é. Nítorí náà, ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sẹ́ Moina, kí ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ tó fún ẹja.

Láti sìn ín, ẹ pọn omi tí kò ní oògùn sínú àgbá lábẹ́ ibòji. Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dúró fún ọjọ́ méjì. Ẹ di ìgbẹ́ adìẹ gbígbẹ sínú àpò, nǹkan bí gíráàmù 500 fún lítà 1,000, kí ẹ rì í sínú omi. Nígbà tí omi bá di àwọ̀ ewé, ẹ da irúgbìn Moina sí i. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ lè máa kó ìdá mẹ́rin rẹ̀ lójúmọ́. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí ó bá gbọ́n yóò tọ́jú irúgbìn sọ́dọ̀ ẹni méjì ó kéré tán.

Oògùn apakòkòrò ni ọ̀tá rẹ̀. Daphnia ni àwọn onímọ̀ káàkiri ayé ń kó sínú omi tí a po oògùn oko mọ́, tí wọ́n sì ń ka iye tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ mọ́ lẹ́yìn wákàtí 48. Ẹ má ṣe fọ ẹ̀rọ ìfọ́noògùn nítòsí àgbá, ẹ má sì lo ìgbẹ́ láti ilé adìẹ tí a wọ́n oògùn sí. Bí Moina bá kú lójijì, ẹ má ṣe fi omi náà kan ọmọ ẹja.